Bátìrì Inú Jìtá: Ìtàn Píkọ́ọ̀pù láti Olówógbowó dé Kòsọ́fẹ́

Ohun tí ń fún jìtá oníná ní ohùn ni ohun tí àwọn olórin ń pè ní píkọ́ọ̀pù, ìyẹn òòfà pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tí a wé yí i ká, tí a sì kàn mọ́ àyà jìtá lábẹ́ okùn rẹ̀. Irin ni okùn náà, nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìka bá ta á tí ó sì ń gbọ̀n lójú òòfà, agbára òòfà náà a máa mì, mímì yìí a sì bí iná mànàmáná kékeré sínú wáyà, gẹ́gẹ́ bí Michael Faraday ti fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1831. Iná kékeré yìí ló ń gba inú wáyà gígùn lọ sínú áńpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá, kí ó tó jáde lẹ́nu gbohùngbohùn. Oríṣi méjì ni píkọ́ọ̀pù lóde òní: passive, tí kò lo bátìrì rárá, tí ó ń fi iná tí òòfà bá bí ránṣẹ́ bí ó ṣe wà, àti active, tí ó ní ẹ̀rọ amóhùntóbi kékeré kan tí a fi pamọ́ sínú jìtá, tí bátìrì fóòtì 9 sì ń bọ́. Ní Kétu, ní Mile 12, ní Ìkòsì àti káàkiri Kòsọ́fẹ́ ní Èkó, níbi tí olórin jùjú, olórin ìjọ àti ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ jìtá ti ń ronú lórí èyí tí yóò mú, adùn ohùn ni àríyànjiyàn wọn sábà máa ń dá lé. Bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ipò iná ìlú, agbára náírà àti iṣẹ́ tí a ń bẹ jìtá láàárín àwọn ìlù ti ń pàṣẹ ju adùn lọ.

Jìtá ti dé Èkó kí iná tó wọ inú rẹ̀. Àwọn atukọ̀, pàápàá àwọn ará Kru láti etíkun Làìbéríà, ló gbé jìtá onígi àti ọgbọ́n fífi ìka méjì ta okùn káàkiri àwọn èbúté Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí ó fi wọ ibùdó ẹlẹ́mu, tí wọ́n sì ń fi orúkọ ẹmu pe orin náà. Láti inú rẹ̀ ni Túndé King ti mú orin jùjú jáde ní àdúgbò Olówógbowó ní Erékùṣù Èkó ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin kò ju ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin lọ: ẹni tí ń ta báńjò tí ó sì ń kọrin, ẹni tí ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tí ń lu ìlù pẹlẹbẹ tí orin náà bá jẹ́ orúkọ, àti ẹni tí ń gberin. Inú pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré, níbi tí etí gbogbo èèyàn ti súnmọ́ ọwọ́ olórin, nítorí náà kò sí ẹni tó ń wá ohùn tó ju èyí tí igi àti awọ báńjò lè fọ̀ lọ.

Ìlù gángan ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní òpin àwọn ọdún 1940 ni gángan wọ ẹgbẹ́ jùjú, ẹni tó bá sì ti jókòó ti onígángan rí mọ̀ pé jìtá onígi kò lè bá a du ohùn. Bí a bá kó méjèèjì sínú yàrá kan, ìlù ni a óò gbọ́, ìka olójìtá ni a óò kàn máa rí tí ń rìn lórí okùn. Àyìndé Bákàrè, ọ̀kan nínú àwọn àgbà jùjú nígbà náà, ló kọ́kọ́ fi iná sí jìtá nínú orin yìí, ní 1949. Ohun tó lò kò tíì jẹ́ píkọ́ọ̀pù olóòfà. Makirofóònù kékeré kan ni, èyí tí a lẹ̀ mọ́ ara jìtá kí ó lè máa gba ìgbọ̀nrìrì igi, kí ó sì gbé e lọ sínú áńpù. Christopher Waterman, onímọ̀ orin ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí ìtàn jùjú ní 1990, tọ́ka sí i pé áńpù yìí ló ṣílẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ ńlá, nítorí pé nígbà tí ohùn jìtá àti ohùn olórin ti lè ga bó ṣe yẹ, a lè fi ìlù kún ìlù láìjẹ́ pé orin dàrú. Àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá àti ju bẹ́ẹ̀ lọ tó gbòde lẹ́yìn náà, makirofóònù kékeré yẹn ni baba wọn.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. George Beauchamp, olórin kan ní Los Angeles, ń ta jìtá Hawaii, ìyẹn jìtá tí a ń gbé sórí itan, tí a sì ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀ dípò kí a fi ìka tẹ̀ ẹ́. Òun ló kó òòfà àti wáyà jọ sínú píkọ́ọ̀pù ní 1931. Òun àti Adolph Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ sí í ta jìtá náà ní 1932, ìjọba sì fún Beauchamp ní ìwé ẹ̀rí olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní 1937. Ilé iṣẹ́ Gibson gbé ES-150 tirẹ̀ jáde ní 1936, Leo Fender sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Telecaster àti jìtá béèsì Precision ní 1951, àti Stratocaster ní 1954. Passive ni gbogbo wọn, nítorí pé kò tíì sí ohun mìíràn.

Àbùkù kan wà lára píkọ́ọ̀pù ìgbà náà tó yẹ kí a dúró lé, nítorí òun ni ará Èkó mọ̀ jù. Wáyà tí a wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kì í mọ̀yàtọ̀ láàárín okùn jìtá àti iná mìíràn tó bá wà nítòsí, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà bí ẹ́ríà rédíò. Iná tí ń wọ ilé ní Nàìjíríà máa ń lọ máa ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lílọ bíbọ̀ náà sì máa ń wọ inú píkọ́ọ̀pù, tí yóò jáde lẹ́nu gbohùngbohùn bí ohùn oyin nínú ilé rẹ̀: hùùùn, láìdáwọ́ dúró, pàápàá bí gílóòbù gbọọrọ bá ń tàn lókè orí olórin. Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson, ló wá ìwòsàn fún un. Ó gbé wáyà wíwé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó yí òòfà ọ̀kan padà sí ti èkejì, ó sì yí ọ̀nà tí wáyà fi lọ padà pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé ohùn okùn inú méjèèjì ń para pọ̀, ṣùgbọ́n hùùn inú ọ̀kan ń pa hùùn inú èkejì. Ó béèrè fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1955, Gibson sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lórí jìtá ní 1957. Humbucker ni wọ́n ń pè é, passive sì ni òun náà.

Láàárín àkókò yìí, jìtá oníná ti di ti gbogbo ẹgbẹ́ ní Èkó. Bobby Benson, tó padà wálé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1947, sọ ọ́ di àrímáleèlọ nínú orin háíláìfù. I. K. Dáíró, tó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, mú jìtá oníná bá dùùrù alámùúrìn àti ìlù rìn. Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé tẹ̀ lé e pẹ̀lú Green Spots, tó di African Beats nígbà tó yá. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi dé, kì í ṣe jìtá kan ni ẹgbẹ́ jùjú ń lò mọ́, mẹ́rin tàbí márùn-ún ló lè wà lórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan náà: líìdì tí ń dá orin, méjì tàbí mẹ́ta tí ń hun ohùn wọ ara wọn bí aṣọ òkè, àti béèsì nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ líìdì nínú ìhunhùn yìí yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ mìíràn, ibẹ̀ ni ìtàn píkọ́ọ̀pù ti di ti Yorùbá. Èdè tó ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Yorùbá, gángan sì ń sọ ọ́ nípa fífún àti títú ọṣán. Olójìtá tó mọṣẹ́ a máa fi okùn sọ òwe kan náà tí onígángan ń sọ, kí ó lè dá a lóhùn, ẹni tí ń náwó lórí ìjókòó yóò sì gbọ́ oríkì rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ṣáṣá, kí agbára ọwọ́ sì hàn nínú rẹ̀: ọwọ́ líle yàtọ̀ sí ọwọ́ jẹ́jẹ́. Bóyá ìdí nìyí tí jìtá Hawaii, ọmọ Beauchamp, fi rí ilé sí inú jùjú ní àwọn ọdún 1970, nítorí yíyọ́ irin lórí okùn sún mọ́ yíyọ́ ohùn lára gángan ju títẹ okùn mọ́lẹ̀ lọ. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta irú rẹ̀ alátẹ̀sẹ̀ nínú African Beats, tí ayé sì gbọ́ nínú àwo *Juju Music* tí ilé iṣẹ́ Island gbé jáde ní 1982. Paul Simon, olórin ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú lo Adépọ̀jù nínú orin tó fún àwo *Graceland* ní orúkọ ní 1986.

Àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni active bẹ̀rẹ̀ lókèèrè. Ilé iṣẹ́ Alembic, tí a dá sílẹ̀ ní California ní 1969, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ oníbátìrì sínú jìtá àti béèsì àwọn olórin ńlá. Ní 1976, Music Man gbé béèsì StingRay jáde, tó mú ẹ̀rọ náà dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ní ọdún kan náà ni Rob Turner sì dá ilé iṣẹ́ tó di EMG sílẹ̀ ní Long Beach. Ọgbọ́n wọn rọrùn láti ṣàlàyé. Kí passive tó lè fi ohùn tó ránṣẹ́, a gbọ́dọ̀ wé wáyà rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ti Stratocaster ń lọ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìgbà, wáyà gígùn bẹ́ẹ̀ sì ní ìdènà púpọ̀ fún iná, tó fi jẹ́ pé bí wáyà tó lọ sí áńpù bá gùn, apá ohùn tó mú jù lókè ni yóò kọ́kọ́ sọnù sójú ọ̀nà. Active dín wíwé náà kù, ohùn tó jáde kéré ṣùgbọ́n ó mọ́, hùùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ̀rọ oníbátìrì á wá gbé e sókè kí ó tó kúrò nínú jìtá, bí wáyà sì gùn dé òpin gbọ̀ngán, bí ó ṣe jáde náà ni yóò dé.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí active ń gbilẹ̀ lọ́hùn-ún ni apá olórin Nàìjíríà kò ká a mọ́. Ní 1980, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ, owó epo rọ̀bì sì ti jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ra ohun èlò tuntun láti òkèèrè. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀ kíákíá, jìtá tuntun di ohun tí a ń wò lójú fèrèsé. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, jìtá ọwọ́ kejì ni wọ́n sì ń rà, passive ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú ohùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní ohùn jùjú gidi lónìí ti inú àwọn píkọ́ọ̀pù ayé ìgbà yẹn jáde, tí a tú tí a tún dì, tí kò sì sí owó láti pààrọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ iná ló tẹ̀ lé ti owó. NEPA, ilé iṣẹ́ iná ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní 1972, di PHCN ní 2005. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni a fà á lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, tí Kòsọ́fẹ́ fi bọ́ sábẹ́ Ikeja Electric. Orúkọ ń yí, jẹnẹrétọ̀ kò kúrò lẹ́yìn ilé. Bí àríyá bá wà ní àdúgbò kan ní Kétu tàbí ní Ìkòsì, tí a di ojú pópó, tí a ta àtíbàbà, ẹ̀yìn ilé ni jẹnẹrétọ̀ yóò wà, wáyà gígùn kan ni yóò gbé iná wá sórí ìtàgé, orí wáyà kan náà sì ni áńpù, gílóòbù àti fáànù yóò ti máa jẹun. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í ṣe déédéé. Bí fáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, iná á rẹlẹ̀, hùùn inú jìtá á yí ohùn padà pẹ̀lú rẹ̀. Níbi báyìí ni jìtá tí ó ní wáyà wíwé kan ṣoṣo ti ń dójú ti olówó rẹ̀, tí humbucker tàbí active sì ń gba ara wọn là.

Èyí tó burú ju hùùn lọ ni iná tí ń gbé ènìyàn. Nínú jìtá passive, wọ́n máa ń so okùn jìtá mọ́ ilẹ̀, ìyẹn ni pé wáyà kan ń ti ara okùn lọ dé ara áńpù, láti ibẹ̀ lọ dé ẹsẹ̀ kẹta ojú iná inú ilé, àti láti ojú iná lọ sínú ilẹ̀ gan-an níbi tí a ri ọ̀pá irin mọ́. Ọwọ́ olórin tó wà lórí okùn a máa pa hùùn nítorí èyí. Níbi tí kò bá sí ọ̀pá irin nínú ilẹ̀, tí wọ́n sì ti kán ẹsẹ̀ kẹta ṣónṣó kí ó lè wọ ojú iná oníhò méjì, okùn jìtá lè gba iná láti ara áńpù tó bàjẹ́. Bí olójìtá bá wá fi ẹnu kan makirofóònù tó wà lórí ẹ̀rọ mìíràn, ara rẹ̀ ni iná yóò gbà kọjá. Les Harvey, olójìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, kú báyìí lórí ìtàgé ní Swansea ní ilẹ̀ Wales ní oṣù karùn-ún ọdún 1972. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí EMG fi ń polówó active: wọ́n ní kí ẹni tó bá ń fi píkọ́ọ̀pù wọn sínú jìtá má so okùn mọ́ ilẹ̀ rárá, nítorí píkọ́ọ̀pù náà dákẹ́ láìsí i, ewu iná sì dínkù. Ní Kòsọ́fẹ́, nínú ilé tí kò bá ní ọ̀pá irin kankan nínú ilẹ̀, àǹfààní yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo àríyànjiyàn lórí adùn lọ, ó sì yani lẹ́nu pé díẹ̀ nínú àwọn olójìtá ló máa ń mẹ́nu bà á.

Ilé ìjọsìn ló mú bátìrì wọ ọwọ́ ọ̀pọ̀ olójìtá ìlú yìí, ọ̀nà méjì ló sì gbà wọlé. Èkíní ni béèsì, nítorí pé orin ìyìn òde òní fẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó mọ́, tó sì le, èyí tí ẹ̀rọ active máa ń fúnni láìlàágùn. Èkejì ni jìtá onígi tó ní àyè wáyà: abẹ́ afárá okùn rẹ̀ ni ègé kírísítálì kan wà tí ń gba ìgbọ̀nrìrì, ohùn kírísítálì yìí sì rẹ̀ débi pé kò lè dá rìn láìsí ẹ̀rọ oníbátìrì. Ọmọ makirofóònù Bákàrè ni jìtá yìí ní ti ìran, ju Stratocaster lọ.

Bátìrì náà ní ìwà tirẹ̀. Inú ilé kékeré kan lẹ́yìn jìtá ló ń gbé, ìgbà tí wáyà bá sì wọ ihò jìtá ni iná rẹ̀ ń tàn. Bí olórin bá fi wáyà sílẹ̀ nínú ihò lẹ́yìn ìsọjí alẹ́ Ọjọ́bọ̀, bátìrì á máa ṣiṣẹ́ títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Kì í kú lójijì. Ohùn á kọ́kọ́ máa ha bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, á wá máa rẹlẹ̀ láàárín orin, ẹni tí kò bá mọ̀ á máa yí fọ́lúùmù áńpù sókè lásán. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ a máa fi ìdí méjèèjì bátìrì kan ṣónṣó ahọ́n. Bí ó bá ta ahọ́n gidi, ó ṣì wà láàyè. Píkọ́ọ̀pù líìdì EMG lè lo bátìrì kan fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún wákàtí bí a bá ń yọ wáyà, tó fi hàn pé ìgbàgbé ló ń jẹ bátìrì ju orin lọ. Èyí tó bá pẹ́ jù nínú ooru a máa da omi, omi náà a sì jẹ irin tó dì í mú.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe tún yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wáyà passive bá já nínú, ẹni tó lè wé kọ́ìlì fáànù lè wé e padà bí ó bá ní sùúrù àti wáyà tó tín-ín-rín tó, nítorí pé ojú ni gbogbo rẹ̀ wà. EMG da gọ́ọ̀mù líle bo ti inú active rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ó bá kú, ó kú nìyẹn, òmíràn ni a óò rà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là gòkè láti nǹkan bí 460 náírà tí ó sì kọjá 1,400 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, òmíràn kì í ṣe ohun tí a ń sọ wẹ́rẹ́.

Nítorí náà, fún líìdì jùjú, humbucker passive ni ó tọ́: ó pa hùùn jẹnẹrétọ̀, ó jẹ́ kí ọwọ́ líle àti ọwọ́ jẹ́jẹ́ yàtọ̀ nígbà tí jìtá ń dá gángan lóhùn, ó sì ṣeé tún ṣe ládùúgbò. Fún béèsì ìjọ, níbi tí wáyà ti gùn láti orí pẹpẹ dé ibi ẹ̀rọ, active ló borí, bí ẹnì kan bá wà tí a yan iṣẹ́ bátìrì fún. Jìtá onígi tó ní àyè wáyà kò ní àṣàyàn: active ni dandan.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, sí ọwọ́ àwọn alága ìjọ, àwọn tó ni gbọ̀ngán àríyá àti àwọn tí ń gbé iná sí ìtàgé ní Kétu, Mile 12 àti Ìkòsì. Kí ẹ tó bá olójìtá yín jiyàn lórí píkọ́ọ̀pù tí yóò rà, ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó ri ọ̀pá irin mọ́ ilẹ̀, kí ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ojú iná oníhò mẹ́ta, kí ó sì dán an wò níṣojú yín, nítorí ọwọ́ ọmọ yín ló wà lórí okùn náà.